Bí Mo Ṣe Ń Fi Póíǹtì Ọjà Rìnrìn Àjò, Láti Belfast Dé Igbó Erin ní Kenya

Owó oúnjẹ, owó epo ọkọ̀, owó yunifọ́ọ̀mù àti owó aṣọ ẹbí tá à ń ná bó ṣe yẹ ká ná an ni èmi àti Bàbá Tẹ́mi fi kó àwọn ọmọ wa lọ wo erin àti kìnnìún ní Kenya. Nọ́ọ̀sì ni mí ní gúúsù ìlà-oòrùn London, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe jù. A kì í ṣe olówó. Póíǹtì ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa nílùú ọba ló ní káàdì ṣọ́ọ̀bù lápò, Nectar ti Sainsbury's àti Clubcard ti Tesco, tí wọ́n ń fi í gba ẹ̀dínwó lórí òróró àti tòmátì, láìmọ̀ pé ohun tó ń ṣà jọ síbẹ̀ lè gbé wọn wọ bàálù. Ó ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ gbèsè ló ṣáájú. Ẹni tí gbèsè káàdì bá wà lọ́rùn ẹ̀, kó kọ́kọ́ san án tán. Èlé orí káàdì tó ń fúnni ní póíǹtì pọ̀ gan-an, kò sì sí póíǹtì tó lè dí i. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ṣètò direct debit, ìyẹn kí owó máa kúrò ní báńkì fúnra ẹ̀, tó máa san gbogbo owó oṣù náà pátá, kì í ṣe iye tó kéré jù tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tí ìyẹn ò bá tíì rọ̀ lọ́rùn, káàdì ṣọ́ọ̀bù nìkan ti tó o, torí kò ní èlé. Ẹ má sì ra ohun tẹ́ ẹ ò fẹ́ rà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó lọ ra fíríìsà tuntun nítorí póíǹtì ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ san owó bàálù náà, ó tiẹ̀ tún san lé e.

Oríṣi póíǹtì bàálù méjì ni mò ń ṣà, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ fọ́n ara yín ká jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkíní ni Avios. Òun ni British Airways ń lò, òun náà sì ni Iberia, Aer Lingus, Qatar Airways àti Finnair ń lò. Láti 2021 ni wọ́n ti so ó mọ́ Nectar, tí Sainsbury's àti Argos ń fúnni: Nectar 400 ń di Avios 250. Nectar 400 yẹn kan náà, tẹ́ ẹ bá fi ra ọjà ní Sainsbury's, £2 ni. Ẹ pín in wò: Avios kọ̀ọ̀kan ti gba 0.8p lọ́wọ́ yín. Èkejì ni Virgin Points. Àwọn ará Tesco ló ń bá Virgin ṣe: ìwé ẹ̀dínwó Clubcard £1.50 ń di Virgin Points 300, ìyẹn 0.5p fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì yẹn sílẹ̀, 0.8p àti 0.5p, torí wọn ni òṣùwọ̀n tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ bóyá ìrìn àjò kan yẹ ní póíǹtì àbí ní owó. Ká ní ẹ rí ìjókòó kan. Tí ẹ bá fi owó rà á, £700 ni. Tí ẹ bá fi póíǹtì gbà á, wọ́n ń béèrè Avios 50,000 àti £200 fún owó-orí. Ẹ yọ £200 kúrò nínú £700, ó ku £500. Ẹ pín £500 yẹn sórí Avios 50,000, ó di 1p fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ju 0.8p lọ, ẹ gbà á. Àmọ́ tó bá jẹ́ £450 ni wọ́n ń ta ìjókòó yẹn lówó, £250 ló máa kù, 0.5p péré nìyẹn. Ẹ sanwó, kẹ́ ẹ tọ́jú póíǹtì yín. Orí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù ni mo ti ń ṣe èyí kí n tó tẹ nǹkan kan, ì báà jẹ́ aago méjì òru.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì póíǹtì. Owó-orí ìjọba wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbéra láti ìlú ọba lọ sí Èkó tàbí Nairobi, owó-orí tí wọ́n ń pè ní Air Passenger Duty nínú ìjókòó gbáàtúù jẹ́ £102 láti oṣù kẹrin 2026. Ọmọ tí kò tíì pé 16 tó jókòó síbi gbáàtúù kì í san án, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ, ẹ yẹ ìwé ìsanwó yín wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ìgbà tí a bá ń kúrò nílùú ọba nìkan ni wọ́n ń gbà á, wọn kì í gbà á nígbà àbọ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ káàdì. Nectar nìkan á pẹ́ kó tó gbé ìdílé dé ibi kankan, torí póíǹtì kan lórí £1 ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Ohun tó ń jẹ́ kó yára ni káàdì báńkì. Èyí tí mo lè sọ pé kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni American Express (Amex) ti British Airways tí kò gba owó ọdọọdún: Avios kan lórí £1. Wàhálà rẹ̀ ni pé àwọn oníṣọ̀ọ́bù wa kì í fẹ́ràn Amex. Ẹ lọ ra iṣu àti pọ̀nmọ́ ní Peckham tàbí Woolwich kẹ́ ẹ na Amex sí ìyá tó ń tajà, á wò yín lójú ni. Nítorí náà mo ní ìkejì, Barclaycard Avios tó jẹ́ Mastercard, òun náà ò gba owó ọdọọdún, òun náà ń fúnni ní Avios kan lórí £1. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bù lé owó torí pé káàdì yín ló jẹ́, òfin ìlú yìí ti fòfin de ìyẹn láti oṣù kìíní 2018.

Àǹfààní mìíràn wà nínú káàdì tí mo fẹ́ràn ju póíǹtì pàápàá lọ. Òfin Consumer Credit Act ti 1974, ní abala 75, sọ pé tí ẹ bá fi credit card ra ohun tó ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000, tí ẹni tẹ́ ẹ sanwó fún bá já yín kulẹ̀, ẹ lè bèèrè owó yín lọ́wọ́ báńkì. Ẹni tó ń ra ìrìn àjò sàfárì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí kò rí rí, kó fi ìyẹn sọ́kàn. Bó ti wù kí ẹ̀dínwó tí wọ́n bá fi lọ yín pọ̀ tó, ẹ má fi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí báńkì ń sọ pé àwọn ò mọ̀ yín: ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbí pẹ̀lú ìwé tó péye jẹ́ ọmọ Commonwealth, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wo ìtàn owó èèyàn ti máa ń kọ́kọ́ rí orúkọ àti àdírẹ́sì yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbé níbí fún ọdún pípẹ́ láìṣe é.

Póíǹtì ìkíni káàbọ̀ tí káàdì tuntun máa ń fúnni ló tóbi jù nínú gbogbo ẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ ná iye kan láàárín oṣù mélòó kan. Ìgbà tí ìnáwó ńlá bá ń bọ̀ fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gba káàdì: ìgbà tí inṣọ́ránsì ọkọ̀ bá fẹ́ tán, ìgbà tí ilé ìwé fẹ́ wọlé, ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ san owó gbọ̀ngàn òde. Èmi ni mò ń bójú tó aṣọ ẹbí nínú ẹgbẹ́ wa. Gbogbo owó á kọ́kọ́ wọ àkáǹtì mi, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó san àti iye yáàdì, kí n tó fi káàdì mi sanwó fún oníléèsì. Ẹni tó bá ní òun á san lọ́jọ́ òde, mi ò bá a fi káàdì ra nǹkan kan, ì báà jẹ́ àbúrò mi.

Ohun tí tọkọtaya kì í sábà mọ̀ ni Household Account ti British Airways. Èèyàn tó ń gbé àdírẹ́sì kan náà lè tó méje nínú ẹ̀, títí kan ọmọdé, kí gbogbo Avios wọn sì wọ inú àpò kan. Bí àjọ tí ìyálé ilé ń gbà fún gbogbo agboolé ló ṣe rí: tí ẹnì kan bá fẹ́ lọ, ti gbogbo èèyàn ló máa fi lọ. Póíǹtì tí màmá ọkọ mi gbà nígbà tó wá tọ́jú ọmọ wà nínú tiwa. Avios máa ń kú tí nǹkan kan ò bá wọlé tàbí jáde nínú àkáǹtì fún oṣù 36, ẹ sọ Nectar díẹ̀ di Avios lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á wà láàyè. Ti Virgin kì í kú.

Kí n tó sọ̀rọ̀ ìgbádùn, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí, torí òun ló ṣe pàtàkì jù lọ fún àwa tí ilé wa jìnnà. Ẹ mọ ìpè òru. Fóònù á dún láago mẹ́rin ìdájí, ẹ̀gbọ́n á ní kẹ́ ẹ jókòó ná kí òun tó sọ̀rọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀la tàbí ọ̀tunla sí Èkó, tẹ́ ẹ bá fi owó rà á, ó lè gba owó oṣù kan lọ́wọ́ èèyàn. Iye Avios tí British Airways ń gbà kì í lọ sókè torí pé ọjọ́ ti sún mọ́. Bóyá ọjọ́ tí èrò pọ̀ ni àbí ọjọ́ tí èrò ò pọ̀ ni wọ́n ń wò. Tí ìjókòó póíǹtì bá ṣì wà, iye rẹ̀ kan náà lẹ máa san. Nítorí náà, Avios tó lè gbé ẹnì kan lọ Èkó kó sì gbé e padà, a kì í fọwọ́ kàn án nílé wa. Sàfárì ò lè jẹ ẹ́, Belfast ò lè jẹ ẹ́. Orí èyí tó bá lé lórí rẹ̀ la ti ń ṣe fàájì. Virgin náà ń lọ Èkó láti Heathrow, àmọ́ láti ìparí 2024 iye póíǹtì tiwọn ń lọ sókè sódò bí owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe, mi ò lè fi ìpè òru lé e lọ́wọ́.

Bá a ṣe ń rí ìjókòó nìyí. Ọjọ́ 355 ṣáájú ìrìn àjò ni British Airways máa ń ṣí ìjókòó póíǹtì sílẹ̀, ó kéré tán 14 nínú bàálù ọ̀nà jíjìn kọ̀ọ̀kan. Aago méjìlá òru GMT ló ń ṣí, ìyẹn aago kan òru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn níbí. Fún ìdílé èèyàn mẹ́rin lásìkò ìsinmi ọmọ ilé ìwé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wà níbẹ̀, àgàgà fún oṣù Kejìlá sí Èkó. Ọjọ́ àbọ̀ ò tíì ní ṣí nígbà yẹn. Ẹ gba ìjókòó àlọ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ padà wá gba ti àbọ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣí. Tẹ́ ẹ bá yí ọkàn padà, wọ́n lè dá póíǹtì àti owó-orí padà títí di wákàtí 24 ṣáájú, pẹ̀lú ìyọkúrò owó ráńpẹ́ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gba ìjókòó ná kí n tó lọ bá mánéjà wọ́ọ̀dù tọrọ àyè ìsinmi.

Ó wá ku Kenya. British Airways ń lọ Nairobi tààrà láti Heathrow. Kenya Airways náà ń lọ, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ bàálù tó ń jẹ́ SkyTeam, tí Virgin Atlantic wọ̀ ní 2023, nítorí náà Virgin Points tó wá láti Tesco lè ra ìjókòó nínú ẹ̀. Ẹ yẹ méjèèjì wò.

Póíǹtì gbé yín dé, àmọ́ orí ilẹ̀ gan-an lowó wà. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ lọ ọgbà ẹranko Maasai Mara torí ìgbà tí àwọn ẹran máa ń sọdá odò, láti bí oṣù Keje lọ dé oṣù Kẹwàá. Ó dára, n ò sọ pé kò dára. Àmọ́ owó àwọlé nìkan fún àlejò tó jẹ́ àgbàlagbà, $100 lóòjọ́ láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹfà, $200 láti oṣù Keje dé oṣù Kejìlá. Tọkọtaya, ọjọ́ mẹ́ta, oṣù Kẹjọ: $1,200 ti lọ kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n tó san owó mọ́tò. Ọgbà ẹranko Tsavo East ni mo yàn, mi ò sì ní yí i padà. Owó àwọlé rẹ̀ ò tó ti Mara, ó tóbi, èrò ò sì pọ̀ níbẹ̀. Ojú irin sì gba ibẹ̀ kọjá.

Ọkọ̀ ojú irin Madaraka Express tó ń ti Nairobi lọ Mombasa ti ń rìn láti 2017. Nairobi dé Mombasa nínú kíláàsì kejì jẹ́ ṣílè Kenya (KSh) 1,500, kíláàsì kìíní KSh 4,500. Ti Voi, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tsavo East, ò tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ òwúrọ̀ ló sì ń dúró níbẹ̀. Ibùdókọ̀ Nairobi wà ní Syokimau, kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú. Tẹ́ ẹ bá balẹ̀ lálẹ́, ẹ má wọ àárín ìlú rárá: ẹ fi póíǹtì òtẹ́ẹ̀lì sùn nítòsí pápákọ̀, Crowne Plaza wà níbẹ̀ fún ẹni tó ní póíǹtì IHG, ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà, kẹ́ ẹ sì mú ọ̀nà Syokimau pọ̀n láàárọ̀. Ẹ tètè dé o. Wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn to ẹrù sílẹ̀ lórí ìlà kan, kí wọ́n sì sún sẹ́yìn, ajá ọlọ́pàá á wá máa gbóòórùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ajá yẹn dúró lórí àpò wa torí ẹja gbígbẹ tí màmá mi fi ránṣẹ́, ọlọ́pàá ní ká ṣí i, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa lọ.

Ẹ tọrọ ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn Mtito Andei, àárín Tsavo East àti Tsavo West lẹ wà. Wọ́n gbé ojú irin náà ga, wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí àwọn ẹran lè máa kọjá. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa bí èyí tá a mọ̀ nílé, àwọn erin sì máa ń fi eruku rẹ̀ wẹ̀ títí ara wọn á fi pupa. Tẹ́mi ló kọ́kọ́ rí wọn, ìyá àti ọmọ, wọ́n ń bọ̀ láti ìdí igi báóbàbù kan. Bàbá Tẹ́mi dìde nínú ọkọ̀: "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin!" Àwọn ará Kenya tó jókòó níwájú wa yíjú padà. Àwọn ọmọ mi ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré nínú yàrá ìgbàlejò wa ní London. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n rí ẹran tó ni ín.

Ẹnubodè Voi ò jìnnà sí ìlú Voi. Àwọn ibùgbé wà lẹ́yìn ọgbà tí owó wọn rọjú ju tinú ọgbà lọ, wọ́n á sì bá yín wá mọ́tò àti awakọ̀. Iye ọjọ́ kan ni kẹ́ ẹ bá awakọ̀ sọ, epo nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò. Ẹ ní kó gbé yín lọ Aruba Dam ní ìdájí, torí omi ni gbogbo ẹran ń wá, kìnnìún sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹfọ̀n, àgùnfọn, erinmi, ẹ máa rí wọn. Owó àwọlé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Kenya Wildlife Service ti ń gbà á, wọn kì í gba owó lọ́wọ́. Ẹ yẹra fún oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, àsìkò òjò ńlá ni, koríko á ga, ẹran á sì fọ́n ká.

Ẹni tí àyè Kenya ò tíì ṣí sílẹ̀ fún, òpin ọ̀sẹ̀ wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo pasipọ́ọ̀tù Nàìjíríà, tí fisà Schengen ti ilẹ̀ Yúróòpù ń yọ lẹ́nu, ẹ fi Avios lọ Edinburgh tàbí Belfast. Fún Edinburgh, ẹ ṣe ìṣirò 0.8p yẹn dáadáa, torí lọ́pọ̀ ìgbà owó lásán ló rọjú jù; inú oṣù Kẹjọ tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ńlá wọn, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, ni póíǹtì máa ń já sí iyì. Belfast ni mo fẹ́ràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kan ọkọ̀ Titanic, pápákọ̀ Belfast City sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ìlú. Mo máa ń fi póíǹtì IHG sùn ní Holiday Inn Express, torí oúnjẹ àárọ̀ wà nínú owó wọn, ọmọ méjì tó ń jẹun bí àgbà kì í ṣe nǹkan kékeré. Póíǹtì IHG máa ń kú tẹ́ ẹ ò bá lò ó fún oṣù 12. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: tẹ́ ẹ bá dé Belfast, ẹ má wọ bọ́ọ̀sì lọ Dublin. Orílẹ̀-èdè mìíràn ni, fisà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, pé ẹ ò rí ẹni tó yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbà yín láàyè.

Ẹ ó rí àwọn tó ń polówó lórí WhatsApp pé àwọn ń ta Avios, tàbí pé àwọn á fi póíǹtì àwọn gba tíkẹ́ẹ̀tì fún yín lówó pọ́ọ́kú. Ẹ má dá wọn lóhùn. Títa póíǹtì lòdì sí òfin àwọn ilé iṣẹ́ bàálù, wọ́n sì lè fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì náà nígbà tẹ́ ẹ ti wà ní Heathrow pẹ̀lú ẹrù.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ìjókòó Kenya gbà, ẹ̀yin oní-pasipọ́ọ̀tù Bìrìtìkó, ẹ gba eTA, ìyẹn ìwé àṣẹ ìwọlé, lórí ojú òpó ìjọba Kenya fúnra ẹ̀, títí kan ti ọmọ ọwọ́. Àwọn ojú òpó tó jọ ọ́ pọ̀ tí wọ́n ń bu owó lé e. Ẹ lọ rí dókítà fún oògùn ibà àti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ní bí oṣù méjì ṣáájú. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń di ẹrù, ẹ tú gbogbo ọ̀rá tẹ́ ẹ fi wé bàtà, gàrí àti ata gbígbẹ dànù. Kenya ti fòfin de báàgì ọ̀rá láti 2017, ike omi tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan sọnù ò sì wọ ọgbà ẹranko láti 2020. Àpò aṣọ ni mo rán fún ẹrù tiwa, ìgò omi onírin sì ni mo rà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ní Argos, pẹ̀lú Nectar.